Ikọ́ Tí Mo Jogún

Àwọn tó mọ bàbá mi ní Ṣakí kò yé sọ fún mi pé ẹni bíni là á jọ. Wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín bí mo bá ń tún ọ̀kadà wọn ṣe. Wọ́n rò pé ìrìn àti iwájú orí nìkan ni mo jogún. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú. Ikọ́ ni mo jogún, ikọ́ náà ló sì pa bàbá mi.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Sìgá tiwọn ní òfin: wọn kì í ṣáná sí i àfi tí wọ́n bá kọ ebè dé ìpẹ̀kun poro. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti lóṣòó, tí wọ́n á fà á tán, tí wọ́n á sì fi bàtà tẹ ìdí rẹ̀ pa kó má baà ràn mọ́ koríko gbígbẹ. Nílé, ẹ̀yìn àká ni wọ́n ti ń fà á. Mo máa ń yọjú wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mi ò mọ ìdí tí àgbàlagbà fi ń sá pamọ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, èmi náà ń fa sìgá. Nígbà tí ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi sunkún. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ná ọjà ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ ló bá mi ra sìgá oníbátìrì bọ̀.

"Kò ní iná, kò ní eérú," ló wí. "Òórùn máńgòrò ló ń ta."

Mo da sìgá àtijọ́ nù. Ìyá mi, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì tí iyè wọn sì ń lọ tó ń bọ̀, gbà pé mo ti jáwọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sìgá yìí kò ní ìdí tí à ń tẹ̀ pa, kò sì ní ìpẹ̀kun poro. Bí mo bá ń tú nọ́ọ̀tì, mo ń fà á. Bí mo bá ń dè é, mo ń fà á. Ikọ́ náà kò lọ. Bóyá ti sìgá àtijọ́ ni, bóyá ti tuntun ni, mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ẹ̀rù ikú ń bà mí.

Nínú àwẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, mo wà lẹ́yìn ilé, mo ń fọ kabúrétọ̀ ọ̀kadà kan, ni mo bá rí èéfín máńgòrò tó ń tú jáde lẹ́nu mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbé e sẹ́nu. Ká ní ìṣáná ni, ǹ bá ti rántí Ọlọ́run kí n tó ṣá a. Mo ti ba àwẹ̀ mi jẹ́. Ikọ́ sì dé, ó ká mi kò.

Ìyá mi gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé àwẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ tọ́ ògiri wá bá mi, wọ́n sì na ife irin kan sí mi, èyí tí bàbá mi fi ń mumi láyé ijọ́un.

"Baálé mi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ẹ rọra mumi. Ṣebí mo ti ní kí ẹ máa lọ sẹ́yìn àká? Ọmọ yín wà nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó rí yín. Ohun tí ẹ bá ń ṣe náà ló máa ṣe."

Mi ò lè sọ pé èmi ọmọ wọn ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ náà rí bàbá rẹ̀.

Mo gba ife náà. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ bíi ti bàbá mi.

"Kò rí mi," ni mo wí.

Wọ́n mí kanlẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìgá náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọwọ́ mi kejì.