Bàbá Misturat, Ọmọ Ẹgbẹ́ Oníwọ̀ Ìdí-Ẹmì

Ẹja Táítọ́ọ̀sì ni Bàbá Misturat fi ìwọ̀ fà jáde nínú odò lọ́jọ́ ìdíje, níṣojú gbogbo Àgọ́-Àrẹ. Ẹja òkun ni Táítọ́ọ̀sì. Inú páálí ló ti ń bọ̀ láti Èkó, inú yìnyín ló sì máa ń wà títí tí wọ́n á fi gé e sínú ọbẹ̀. Kò sí èyí tó tíì lúwẹ̀ẹ́ dé Òkè-Ògùn rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Síbẹ̀ baba fa okùn, omi ta, ẹja náà yọ, ó le bí igi ìdáná.

Ògúndèjì, alága ẹgbẹ́ àwọn oníwọ̀, gba ẹja náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹja yìí ti dì."

"Ó ní láti dì. Ìsàlẹ̀ ibú yẹn tutù. Ẹ̀yin tí okùn yín ò gùn, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ìrù ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń da ọ̀rá sódò," ni baba wí, ó sì gbójú mọ́ wọn. "Mo ti ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àwọn ẹja ti wá ń wọ̀ ọ́."

Ọjọ́ kẹjọ ikú baba ni wọ́n tún ń sọ ìtàn yìí, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n pa síwájú ilé rẹ̀, kí àfáà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìparí. Ẹ̀rín ń pa àwọn èèyàn, àwọn àgbà ń fi etí fìlà nu ojú. Kàdírì nìkan ni ẹ̀rín rẹ̀ ò kọjá eyín. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ìlú sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í parọ́.

Pátákó kan wà létí odò Ìdí-Ẹmì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọ́n ti lé Bàbá Misturat kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé ó da májèlé sómi. Ọwọ́ Kàdírì ló kọ ọ́. Kàdírì sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bí àfáà bá parí àdúrà lónìí, tí gbogbo èèyàn fọwọ́ bojú, tí wọ́n túká, tí òun ò sì lanu sọ̀rọ̀, bí orúkọ baba ṣe máa bàjẹ́ lọ títí láé nìyẹn.

Ká má parọ́ mọ́ òkú, baba yọ ẹgbẹ́ lẹ́nu. Kí ẹgbẹ́ tó dé ló ti ń pẹja níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì dé ibú náà, àárín oko kajú rẹ̀ ló gbà kọjá. Nígbà tí Ògúndèjì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, tí wọ́n ṣe káàdì, tí wọ́n kọ òfin méje, baba ní òun ò dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ káàdì. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ onídùúró sí, ó kọ "Odò Ìdí-Ẹmì". Níbi àdírẹ́sì onídùúró, ó kọ "Ẹ̀yìn oko mi".

"Bàbá, èèyàn ló gbọ́dọ̀ dúró fún yín," ni Kàdírì sọ fún un.

"Tíṣà, ta ló mọ̀ mí tó o? Ogójì ọdún la ti jọ ń bọ̀. Lọ béèrè mi lọ́wọ́ ẹ̀, bó bá sọ nǹkan burúkú nípa mi, kí o má fún mi ní káàdì."

Wọ́n fún un ní káàdì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ agbádá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò ló ni ìjókòó tó bá wù ú. Ìdí igi ẹmì ni ẹja àrọ̀ pọ̀ sí jù. Baba á kírun àárọ̀ tán, á lọ fi agbádá rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi náà, á padà sílé lọ jẹun, á sùn díẹ̀, kò ní dé títí oòrùn á fi mú. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní agbádá òun ti dé láti ìdájí, àwọn náà sì rí i. Ni Kàdírì bá kọ ìwé ìkìlọ̀, ó fi píìnì so ó mọ́ àyà agbádá náà. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bá èsì nínú àpò rẹ̀: "Agbádá kò lọ sílé ìwé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ ariwo tún wà níbẹ̀. Òfin ní kí wọ́n dákẹ́ kí ẹja má baà sá. Baba ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ìtàn ni, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹja tó bá sì ti wọnú ìtàn baba, ojoojúmọ́ ló ń dàgbà. Bí ó bá mú ẹpìyà kékeré, á dá a padà sómi, á rán an níṣẹ́: "Sọ fún bàbá ẹ pé ibi tí mo jókòó sí lánàá náà ni mo wà." Wọ́n ní ó ń lé ẹja lọ. Ó ní ẹja tó bá sá fún ìtàn kò lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

Inú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni nǹkan bàjẹ́. Àárọ̀ Sátidé kan, àwọn oníwọ̀ ń lọ sódò, wọ́n pàdé baba láàárín oko kajú. Àpò wà ní èjìká rẹ̀, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ sì yí i lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n wo iwájú, wọ́n rí omi. Ẹja ti kú lọ rẹpẹtẹ, wọ́n yíkùn sókè, òórùn ń gba imú.

"Bàbá, kí lẹ gbé?" ni Ògúndèjì béèrè.

"Òkú ẹja ni. Mò ń lọ sin wọ́n. Mo ti sin àpò méjì lẹ́yìn igi ẹmì, kí ẹnikẹ́ni má baà kó wọn jẹ. Májèlé ti wọ omi yìí."

"Ẹ̀ ń lọ sin ẹja."

"Ẹja ni mo wí."

Ẹnìkan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi di ìbínú. Ẹni tó fa ẹja yìnyín jáde lódò, tí agbádá rẹ̀ ń dáhùn lẹ́tà, òun náà ló wá ń sọ pé òun ń sin ẹja. Ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n ní òun ló da oògùn sómi kó lè kó ẹja láìfi ìwọ̀ pa á, wọ́n ní àpò tó gbé ni ẹ̀rí. Ohùn kan ló yára jáde ju ti gbogbo wọn lọ, ohùn Kàdírì ni.

"Bàbá, ẹ mú káàdì yín wá."

Baba wò ó. "Tíṣà, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Baba sọ àpò kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó yọ káàdì, ó fà á lé e lọ́wọ́. Kò sọ ìtàn kankan. Ó tún gbé àpò rẹ̀, ó lọ sin ẹja.

Kò dá Kàdírì lójú. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ló fọ́n oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà rẹ̀ ní oko tó wà lókè odò. Ó rẹ̀ ẹ́, kànga jìnnà, ló bá fọ tánkì oògùn náà sínú odò, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ sómi. Òfin kẹta lára òfin méje ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọ nǹkan kan sódò, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà kọ ọ́. Bí ó ṣe rí ẹja lójú omi lọ́jọ́ Sátidé ni inú rẹ̀ ti sọ fún un. Ìdí tó fi yára béèrè káàdì nìyẹn, kí ojú má baà yà sọ́dọ̀ òun. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń na àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí irọ́ pípa.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Kàdírì yàtọ̀. Òun ló ṣu, baba ló kó o, òun náà ló sì di ẹni tí kò lè gbàgbé.

Ohun tó wá burú jù ni pé baba ò dí ọ̀nà. Ilẹ̀ rẹ̀ ni. Bó bá gbé igi kan dábùú ibẹ̀, ẹgbẹ́ parí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń fi àdá ṣán koríko ẹ̀bá ọ̀nà fún wọn. Ní gbogbo Sátidé á jókòó sábẹ́ kajú rẹ̀, á máa kí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ síbi tí òun ò lè dé mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí wọn lódò."

Kàdírì ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ojú ń tì í. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ẹ̀yìn wo?" ni Sodiqat ìyàwó rẹ̀ béèrè. "Ẹ̀yìn tí ẹ fi jókòó ta ayò láti àárọ̀ yẹn?"

Nínú ààwẹ̀ ló pinnu. Ó gba ilé baba lọ lẹ́yìn ìṣínu, ó ní òun á jẹ́wọ́. Ó jókòó, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà." Baba ní kó fara balẹ̀, òun ní ìtàn kan. Ìtàn náà bí ìtàn mìíràn. Àrọ̀ kan wà níbẹ̀ tó gbé ewúrẹ́ mì, òjíjí kan sì wà tó tan iná mọ́tò. Nígbàkigbà tí Kàdírì bá lanu, baba ti gbé òmíràn. Wákàtí méjì kọjá, Kàdírì dìde, ó dágbére, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ààwẹ̀ parí tán ni ibà mú baba, kò dìde mọ́.

Àfáà ti ń tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ògúndèjì dìde, ó ní òun fẹ́ ṣàdúrà kan kí wọ́n tó parí.

"Bàbá wa dára. Wọ́n pa wá lẹ́rìn-ín. Ti ọ̀rọ̀ májèlé yẹn, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Kí Ọlọ́run foríjì wọ́n."

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn.

Kàdírì ò lè ṣàmín. Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Alága, ẹ má gba àdúrà yẹn fún wọn. Wọn ò ṣe é. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀wà, ti tánkì, ti òfin kẹta. Nígbà tó ṣe tán, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ìwọ náà ti ń sọ ìtàn. Ìwọ, kí o fọ tánkì sódò? Bàbá Misturat ti fi iṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín ta yí ká. Kàdírì dúró sáàárín wọn, òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Ó wá mọ bó ṣe rí lára baba lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àpò léjìká. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ." Misturat ló sọ̀rọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí baba bí, tó ń ta gààrí ní Ìgànná. Ó ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, ìborùn rẹ̀ wà léjìká. "Bàbá rí wọn lọ́jọ́bọ̀ yẹn níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Bàbá ló sọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Kàdírì yọ káàdì tirẹ̀, ó gbé e fún Ògúndèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Alága gbà á, ó ní ọdún kan ni òfin ní kí wọ́n fi gba káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá fọ nǹkan sódò, ọdún kan náà ni yóò sì jẹ́. Kí àfáà tó bẹ̀rẹ̀, ó rán èèyàn méjì lọ sódò pé kí wọ́n lọ wó pátákó náà lulẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà, Kàdírì lọ bá Misturat lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń kó abọ́ jọ. Kò lè gbójú sókè.

"Misturat, Bàbá mọ̀. Kí ló dé tí wọn ò sọ?"

"Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ní ta ló máa gba àwọn gbọ́." Ó to abọ́ léra. "Lálẹ́ tí ẹ wá nínú ààwẹ̀, wọ́n ní ẹ fẹ́ jẹ́wọ́, pé àwọn ò jẹ́ kí ẹ ráyè. Mo ní kí ló fà á. Wọ́n ní bí ẹ bá sọ ọ́ tán, ojú á tì yín, ẹ ò ní wá mọ́. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń jẹ́ kí àwọn sọ ìtàn dé òpin."

Kàdírì jókòó sórí ìdérí ìkòkò tó wà níbẹ̀, kò mọ̀ pé ó ṣì gbóná. Ó fò dìde. Misturat rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀.

"Oko ti di tèmi báyìí," ni Misturat wí nígbà tí wọ́n dákẹ́. "Mi ò ní dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èmi ò sí nílé, koríko á sì hù."

"Èmi ni màá máa ṣán an."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, nígbà tí àwọn yòókù bá gbé ọ̀pá ìwọ̀ kọjá, Kàdírì ni wọ́n ń bá láàárín oko kajú pẹ̀lú àdá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò títí tí wọ́n á fi kọjá. Lọ́jọ́ kan, Rótìmí, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì, dúró tì í.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wọ́n ní bàbá tó ni ilẹ̀ yìí fa àrọ̀ ńlá kan lódò nígbà kan. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Kàdírì mọ̀ ọ́n. Òun ló fi rúlà wọn ẹja náà lọ́jọ́ yẹn, kò ju láti ọwọ́ dé ìgúnpá lọ. Ó gbé àdá sílẹ̀. Ó ya apá rẹ̀ méjèèjì títí tí àyà fi ń dùn ún. Ó wò ó, ó rí i pé kò tíì tó bí baba ṣe máa ń ya tirẹ̀. Ó sún sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ẹ̀ka kajú kí àyè lè gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.