Màmá Elétí àti Ẹ̀rọ Tó Gbọ́ "Kò Burú"

Ọjọ́ tí oníbàárà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ lé tábìlì ọ̀gá ni gbogbo iléeṣẹ́ omi fi ń rántí olóògbé Màmá Elétí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà lórí fóònù kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tó ń dá èèyàn lóhùn wá gba ipò rẹ̀. Nípàdé, ẹnjiníà tó to ẹ̀rọ náà ka àbọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: nínú àádọ́rin èèyàn tó pè, àádọ́ta ló ní "Kò burú" kí wọ́n tó pa fóònù. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé inú wọn dùn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Màmá palẹ̀ ẹrù mọ́ tóṣù bá parí.

Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbọ́ ọ̀kan. Ohùn obìnrin kan jáde: omi ò yọ nílé rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ ní kó ṣe sùúrù. Obìnrin náà ní, "Kò burú," ó pa fóònù.

"Obìnrin yìí ti ń bọ̀," ni Màmá wí. "Ọ̀gá, ẹ lè lé mi lọ. Àmọ́ ẹ má sọ pé àwọn èèyàn yìí ń yọ̀."

Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Obìnrin náà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú ọ̀gá, ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ dúpẹ́ pé inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu díẹ̀ nínú ìdùnnú náà síbí, mo fẹ́ fi wẹ ọmọ."

Ọ̀gá fún Màmá lóṣù mẹ́ta sí i, kí ẹnjiníà fi tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹnjiníà kọ́ ẹ̀rọ pé ìbínú ni "Kò burú". Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ bi bàbá kan bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe rí. Bàbá ní kò burú. Ẹ̀rọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, títí bàbá fi bínú lóòótọ́.

Ẹnjiníà kì í gba ohun tí kò ṣeé wọ̀n gbọ́, àmọ́ ó lọ jókòó ti Màmá. Ó bi í pé kí ló ń gbọ́ gan-an.

"Ohun tí wọn ò sọ."

"Báwo lèèyàn ṣe ń gbọ́ ohun tí wọn ò sọ, Màmá?"

"Ṣé o ò tíì gbéyàwó ni?"

Màmá náà máa ń ṣì í gbọ́ o. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ arákùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń sunkún, àṣé ọ̀fìnkìn lásán ló ń dà á láàmú. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ta ni ọ̀fìnkìn ń ṣe tínú ẹ̀ dùn. Ẹnjiníà kọ ìyẹn sílẹ̀ kó lè fi takò ó. Àmọ́ arákùnrin náà tún pè lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe tìtorí omi, ó kàn ní kí wọ́n bá òun kí màmá tó bẹ òun ni. Ẹ̀rọ ṣì í gbọ́, wọ́n bínú. Màmá ṣì í gbọ́, wọ́n kí i. Ẹnjiníà wá ìdí rẹ̀ títí nínú kọ̀ǹpútà, kò rí i.

Nígbà tóṣù mẹ́ta pé, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ọ̀gá: kí ẹ̀rọ máa kọ àdírẹ́sì, kí Màmá máa gbọ́ èèyàn. Ìdí fóònù yẹn ni Màmá wà títí àìsàn fi gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, ẹnjiníà ló gba fóònù. Bàbá àgbàlagbà kan ń béèrè Màmá. Ẹnjiníà ní Màmá ò sí níkàlẹ̀, kí ni kóun bá bàbá ṣe?

Bàbá fetí sí ohùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n kú?"

Kò tíì dáhùn tí bàbá fi ní kó má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ sunkún. Ẹnjiníà sunkún. Bàbá ò sì pa fóònù títí ó fi ṣe tán.