Omi Ògì Ẹ̀gbọ́n Mi

"Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ló lè fa gbogbo agbára inú ewé jáde."

Ọ̀rọ̀ ńlá! Olùkọ́ yunifásítì kan ló sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, níwájú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àgbo n'Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ó ní ohun tí kì í jẹ́ kí ara tètè gbó ni òun ń wá nínú ewé, àti pé àwọn ìyá wa ti fi àsèjù pa á.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló ń sè é jù? Omi ògì tó ti kan ni mo fi ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ooru iná díẹ̀ ló kù tí mo máa ń fún un."

Kíá, bíírò jáde!

"Ẹ ní ọjọ́ mélòó, màmá? Ṣé ẹ máa ń dé e?"

Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀, kò gbọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó tún bu àgbo ìgò kan fún un.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì béèrè orúkọ màmá."

Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé nínú ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ kọ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí i: orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé yẹn?