Òkúta Tí Mo Ní Kí Àǹtí Bá Mi Tọ́jú

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gun ọ̀kadà kúrò ní Ìsùadà lọ sí gáréèjì Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ni nípa òkúta, òkúta náà ló sì lé mi dìde lórí ibùsùn. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Ráfátù, tó ń ta tìróò ní Òkèlúsè, ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ló hú u jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì rí láti fi kun pátákó ìkọ̀wé, ẹ mọ ẹbí rẹ̀. Máńgánísì là ń pè é. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń kun ọwọ́ bí èédú. Ti inú fọ́tò yìí ń dán, ó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó sì jọ irú kan tí n ò rí rí àfi nínú ìwé. Ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Bí èérún inú wọn ṣe tò ló yàtọ̀, iná sì lè sọ èyí tó ṣọ̀wọ́n di èyí tó wọ́pọ̀. Mo bá pe Àǹtí kíá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Mò ń bọ̀."

Mọ́tò tí mo wọ̀ ní gáréèjì gbé wa dé Ìfọ̀n wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì tún gun ọ̀kadà níbẹ̀. Ọ̀nà Arímogíjà ló fìyà jẹ wá. Eruku kùn wá bí osùn.

"Màdáàmú, kí lẹ fẹ́ lọ rà?" ọlọ́kadà bi mí.

"Òkúta ni."

"Kò sí òkúta ní ìlú yín ni?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an nígbà yẹn.

Púpurú gbígbóná àti ọbẹ̀ ilá ni Àǹtí fi pàdé mi. Àlejò kì í béèrè nǹkan kó tó jẹun lọ́dọ̀ wa, mo bá fipá gbé e mì. Wọ́n wá mú ìgò kékeré kan jáde.

"Ọma mi, mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mo yan án, mo gún un, mo lọ̀ ọ́, mo jọ̀ ọ́. Apá ń ro mí dòní. Lé e wò."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Ṣebí ìwọ lo ní kí n tọ́jú ẹ̀?"

Bí ẹni tó ń ta tìróò bá ní òun ti tọ́jú òkúta, ó ti yan án, ó ti lọ̀ ọ́ nìyẹn; iná sì ti sọ òkúta mi di èyí tó wọ́pọ̀. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Àǹtí, kì í ṣe tìróò. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú yín o."

Ojú wọn wálẹ̀. "Mo bà á jẹ́ nìyẹn?"

"Èmi ni mi ò ṣàlàyé."

A lọ wo kànga náà. Wọ́n ti fi kọnkéré yí i ká, omi ti kún un. Bí ìyókù bá wà nísàlẹ̀, ta ló máa tú kànga tí àdúgbò ń mu nítorí fọ́tò?

Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ tí a jọ ń sọ láti kékeré la kì í rántí túmọ̀ fún ara wa.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi wo ìgò náà, ó ní kí n dà á nù, pé kò wúlò mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n apá Àǹtí ṣì ń ro wọ́n nítorí rẹ̀; n ò lè dà á nù.