Àárọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Tètè Dé

Ní àsìkò tí owó epo mọ́tò fò sókè tí kò sì wálẹ̀ mọ́, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ń tán sórí ọkọ̀ wíwọ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé inú àpótí nìkan ni wọ́n ti ń jí ìbò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Àwa tí à ń gbé lẹ́yìn Ìdù jà títí kí àwọn aláṣẹ tó gbà kí ọkọ̀ ojú irin máa gbé wa wọ àárín ìlú Àbújá láàárọ̀. Wọ́n gbà lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ náà kì í yọjú títí oòrùn á fi mú. A tún figbe ta. Ni wọ́n bá ní kí àwa èrò yan alága kan. Ohun tó bá ti fọwọ́ sí, abẹ gé e.

Màmá Tọ́lá la fà kalẹ̀. Opó ni, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, obìnrin tí kì í bẹ̀rù ọ̀gá. Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ti jẹ́ kó gba kúẹ́rì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá rẹ̀ ti búra pé tó bá di ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ. Ẹni tó bá a du ipò ni Ọ̀túnba kan láti Maitama, tó ni àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ná ọ̀nà wa. Kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí láyé ẹ̀! Bí ọkọ̀ àárọ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ò ní rí èrò gbé mọ́.

Ojúkorojú la ní ká dìbò ní sítéṣọ̀n, ní kùtùkùtù: tò sẹ́yìn ẹni tí o fẹ́, kí wọ́n kà ọ́. Ìlà Màmá Tọ́lá gùn dé ẹnu géètì. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ọ̀túnba kò ju aláìníṣẹ́ tó fi bọ́ọ̀sì kó wá láti Zuba lọ, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Mo ń rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá sítéṣọ̀n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá báyìí, la gbọ́ fèrè.

Ọkọ̀ ojú irin dé! Ọkọ̀ tí kò tètè dé rí!

Mo pariwo, "Ẹ má lọ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà yín ná!"

Dáre, tó máa ń gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn wa, ló kọ́kọ́ já kúrò lórí ìlà. "Alàgbà, ẹ má bínú, ọ̀gá mi ń ṣọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ di bí o ò lọ, yàgò fún mi. "Mọ́mì, a wà lẹ́yìn yín o!" ni wọ́n ń ké láti ojú fèrèsé, ọkọ̀ sì gbéra.

Màmá Tọ́lá ò lè kúrò níwájú ìlà rẹ̀. Èmi àti ìyá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè sáré la kù lẹ́yìn rẹ̀.

Mo kojú ọ̀gá sítéṣọ̀n. "Ta ló ní kí ọkọ̀ yẹn wá báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Baba, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kó máa tètè dé?"

Kai! Ó dùn mí dé egungun. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀túnba, tí wọ́n ti kà wọlé bí alága, fọwọ́ sí i pé èrò ò fẹ́ ọkọ̀ àárọ̀ mọ́. Nígbà tí Màmá Tọ́lá fi máa dé ibi iṣẹ́, oòrùn ti mú, kúẹ́rì kẹta sì ti wà lórí tábìlì rẹ̀. Kò lo oṣù yẹn parí kí wọ́n tó lé e.

Kí la jẹ níbẹ̀? A mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn lè tètè dé bó bá wù wọ́n. Ohun tí a pàdánù ni iṣẹ́ obìnrin kan àti àárọ̀ gbogbo wa. Gbèsè Màmá Tọ́lá wà lọ́rùn àwọn tó sá lọ, kò sì sẹ́ni tó tíì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbò náà, Dáre dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ọ̀gá àgbà yọjú sí ọ́fíìsì àwọn lójijì lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló bá nídìí iṣẹ́, ó sì ti ní kí wọ́n gbé òun ga. "Ẹ bá mi yin Olúwa, ó fi ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé lásìkò!"

Ìjọ hó yèè. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá Tọ́lá jókòó sí. Ó ní, "Àmín."