Páìpù Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ́ńjìnnì

Lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin Kàdúná láti Idu, mo ti sin ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Mo padà sílé àwọn òbí mi ní Dei-Dei, l'Abuja. Bí mo bá dá jókòó sílé, àyà mi á máa já bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀ wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò ní lè dáhùn. Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹ̀ lé bàbá mi lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo lọ ràn án lọ́wọ́ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo rò pé bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àìríṣẹ́ mi ò ní hàn tó bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà Idu ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn mẹkáníìkì mìíràn. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti tú ká, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá. Àwọn mọ́tò tó mọ̀ dunjú, àwọn ti àtijọ́ tó jẹ́ pé bí o bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì wọn wàá rí ilẹ̀ nísàlẹ̀, ti ń dín kù nígboro. Àwọn tòkúnbọ̀ tó wá ń wọlé, inú wọn há bí inú báàgì ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gígùn. Ike ni wọ́n fi bo ẹ́ńjìnnì lójú. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù iná iwájú kan ṣoṣo, àfi kí o kọ́kọ́ tú bọ́ńpà kalẹ̀. Bàbá mi á dúró ti irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, á gbé súpánà lé èjìká, á ní, "Ta ni wọ́n tiẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́ fún?" Kì í ṣe pé ó ń retí èsì.

Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nìkan ló kù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń gbé mọ́tò tuntun wá. Nítorí ọkùnrin yìí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yòókù ṣe ń wá. Nígbà tó ra tòkúnbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù, òun àti bàbá mi jọ gbàdúrà sí i ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi nígbà tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní ìwé kà, tó sì rí i pé èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, alàgbà gbé mọ́tò náà wá. Omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọ́n fẹ́ sin ín ní Èkìtì lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ gbéra lọ́jọ́bọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ àwọn àna mi o."

"Ojú ò ní tì yín, sà," ni bàbá mi wí.

Nígbà tí alàgbà lọ tán, bàbá mi yíjú sí mi. "Bí mọ́tò yìí bá lọ tó bọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á máa wá. Bí kò bá wá lọ ńkọ́..." Kò parí rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a parí rẹ̀ nínú ọkàn mi ní gbogbo ọjọ́ náà. Bí kò bá lọ, a jẹ́ pé àwọn mọ́tò tuntun ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ti àtijọ́ náà ń kú lọ. Inú bí mi sí i pé ó sọ ọ́ létí mi, lẹ́yìn náà mo bínú sí ara mi pé mo bínú. Ta ni ì bá tún sọ ọ́ fún?

Páìpù omi kan ló ti sán. Kò gùn ju ọwọ́ mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló wà, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara mọ́tò. Kí ojú tó lè rí i dáadáa, àfi kí a gbé odindi ẹ́ńjìnnì jáde, wáyà tó sì wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n á ti sin òkú tán kí a tó dá a padà. Bàbá mi gbìyànjú láti ti òkè tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó tún gba ti ẹ̀gbẹ́ táyà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀.

Rìwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ Ìlọrin kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wá dúró tì wá, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ya mọ́tò yìí ò mọ̀ pé èèyàn ní ìgúnpá."

"Ó mọ̀," ni bàbá mi dáhùn láti abẹ́ mọ́tò. "Ìgúnpá tèmi gan-an ló wọ̀n kó tó yà á."

"Kai. Ẹ jẹ́ kí Kọ́pà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ tiẹ̀ ò ju ti ọ̀bọ lọ."

"Ọ̀bọ tó kàwé ni," mo ní.

"Kó wá fi ìwé náà tú nọ́ọ̀tì fún wa."

Mo ká apá aṣọ mi sókè. Ọwọ́ mi wọlé. Mi ò rí nǹkan kan, ìka mi nìkan ló ń ríran. Bàbá mi ń sọ ohun tí mo máa fọwọ́ kàn, mo sì ń kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan orí nọ́ọ̀tì náà. Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ tó gbà mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ kiri, kò sẹ́ni tó nílò ohun kan tó wà lára mi. Ojú sì tún tì mí, torí pé mò ń yọ̀ sí ohun tó ń ba bàbá mi nínú jẹ́. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi bó, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tú. Mo fa páìpù náà, ó sì rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹyin.

Bàbá mi gba àfọ́kù rẹ̀, ó wò ó. "Ike," ó ní. "Ibi tó gbóná jù nínú mọ́tò, ike ni wọ́n fi síbẹ̀."

Ìdajì páìpù náà há sínú ilé rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ̀. Ilé yìí náà, ike ni, òun ló sì gbé tamosítáàtì dúró, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Wọn kì í tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá mi wá gbogbo rẹ̀ lódindi títí ní Abuja, kò rí i. Wọ́n ní àfi Èkó, kò sì ní dé kí ọjọ́bọ̀ tó pé.

Ó wá ṣe ohun tí gbogbo mẹkáníìkì tí mo mọ̀ máa ń ṣe. Wọ́n gbà pé nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi tamosítáàtì sínú ọkọ̀, pé kò wúlò ní ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa. Wọ́n á yọ ọ́ dànù. "Ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ kò lè bàjẹ́," bàbá mi máa ń wí bẹ́ẹ̀, àìmọye mọ́tò tó sì ti yọ ọ́ nínú wọn ṣì ń rìn. Ó yọ ilé ike náà tilétilé, ó fi rọ́bà gígùn kan tí omi á máa gbà kọjá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sí iwájú, ó sì fi kilíìpù dè é.

Nígbà tó ṣíná mọ́tò náà, iná pupa kan tàn níwájú dírẹ́bà. Inú ilé ike tí a yọ ni ohun tó ń sọ fún mọ́tò bí omi ṣe gbóná tó wà. Bàbá mi pe rìwáyà. Ìyẹn so nǹkan kékeré kan bíi hóró ìrẹsì mọ́ ẹnu wáyà tó ti ibẹ̀ wá, kí mọ́tò lè máa rò pé omi ò gbóná jù, iná pupa sì kú. Ọwọ́ géèjì tó ń fi bí omi ṣe gbóná tó hàn dúró síbi tó yẹ, kò mì.

"Ó ti dákẹ́," ni rìwáyà wí. "Kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

"Yauwa. O ṣé, àbúrò."

Kò ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa ní kàyéfì. Níbi tí a wà, mọ́tò tí iná rẹ̀ kò bá tàn, ara rẹ̀ le nìyẹn.

A wà á dé Zuba, a wà á padà, omi kò kán. Nígbà tí alàgbà wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò ní rọ." Bàbá mi kọrin ìyìn títí a fi délé. Mo sùn fọnfọn lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí rẹ̀ torí pé oorun kì í sábà kùn mí nígbà náà.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ ni alàgbà pè. Wọ́n ti kọjá Lọ́kọ́ja, wọ́n ń gun òkè lójú ọ̀nà Kábà.

"Ọ̀gá, mọ́tò ti kú."

"Ṣé ó gbóná ni, sà?"

"Géèjì ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń dún gbàgà-gbàgà, ó sì kú."

Mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sunkún ni. Bàbá mi jókòó sórí táyà kan, fóònù ṣì wà létí rẹ̀ lẹ́yìn tí alàgbà ti pa tiẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ara mi sí. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì bẹ̀rù pé bí mo bá dì í mú, á mọ̀ pé mo mọ bó ṣe burú tó.

Rọ́bà náà ti rọ̀ sórí irin tí èéfín ń gbà jáde, ó sì yọ́. Láàárín ìlú, ìrìn kò jìn tó bẹ́ẹ̀ tí irin náà á fi gbóná jù. Lórí òkè, omi dà tán sójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì gbẹ, ó sì jó. Alàgbà àti ìyàwó rẹ̀ kò rí ọkọ̀ wọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n dé Èkìtì lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti bo sàréè.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì mìíràn. Alàgbà fúnra rẹ̀ wá sọ ohun tí wọ́n rí fún wa. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú òróró àti erùpẹ̀.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Mi ò wá jà. Ìyàwó mi ló ń bi mí. Ó ní kí ló dé tí mọ́tò náà ò sọ fún wa. Ì bá ṣe pé ó sọ, à bá tètè dúró, à bá wọkọ̀ mìíràn ní Lọ́kọ́ja. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un."

Bàbá mi ti dìde, kò gbọn ara rẹ̀. "A pa á lẹ́nu mọ́ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Ó ń pariwo ni, sà."

Mo gbé omi tútù dání fún alàgbà, mi ò lè gbé e síwájú, mi ò sì lè gbé e padà. "Ó dáa," ni alàgbà wí. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ó ṣì ń kí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tilẹ̀ máa ń béèrè bóyá mo ti ríṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ náà máa ń dáhùn tí a bá kí i, ṣùgbọ́n kì í wo ojú bàbá mi. Mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì kankan kò wá mọ́. Àwọn àjèjì tó bá gbé tiwọn wá, bàbá mi á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á wo inú rẹ̀ díẹ̀, á sì pa á dé. "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní kọ́ńpútà." Nígbà tó yá, àwọn ti àtijọ́ tó mọ̀ bí ẹni mowó pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lẹ́rù. Á de nọ́ọ̀tì kan, á tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, á tún padà. Mo mọ ìwà yẹn. Ìwà tèmi ni, inú mi sì bàjẹ́ pé ó wá dà bíi tèmi. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ó ti fi abẹ́ páànù sílẹ̀ fún rìwáyà, ó ń jókòó sílé.

Ní ọ̀sán kan, màmá mi gbé oúnjẹ wá, ó sì gbé omi ìfọwọ́ síwájú rẹ̀. Bàbá mi fọ ọwọ́ méjèèjì dáadáa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fi ìka kan ha abẹ́ èékánná èkejì, ó gbọn omi dànù. Omi inú abọ́ náà mọ́ gaara, kò sí àmì òróró nínú rẹ̀. Màmá mi gbé abọ́ náà, ó dúró, ó ń wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e lọ dà nù sí ẹ̀yìnkùlé.