Ohun Tí Ìyá Onílé Mi Sọ fún Fóònù

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò nílé ìyá onílé mi ní Ìgàndò kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́ ìwádìí náà. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Èkìtì ni mo ti wá. Àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, wọ́n sì ń wá àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí wọ́n lè lo fóònù. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan fẹ́ mọ ohun tí èéfín ààtàn ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ń ṣe sí àyà àwọn èèyàn. Ilé dé ilé la máa lọ. A ó béèrè ìbéèrè, a ó tẹ ìdáhùn sínú fóònù, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kọ́ lọ́gbọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò, á sì mú orúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà ní ọsibítù. Ọ̀fẹ́ ni fọ́tò náà, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú ẹni tí wọ́n bá rí àìsàn lára rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Èmi tí mo máa ń sáré ká aṣọ lórí okùn kí èéfín tó dé, ta ló tún yẹ kó ṣe é jù mí lọ?

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbọ̀ngán kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Òfin tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni ká tẹ̀, ká má fi tiwa kún un. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní àdúgbò Command gbọ́wọ́ sókè. Ó ní tí bàbá àgbàlagbà kan bá ń wúkọ́ lójú òun, tó wá ní òun ò wúkọ́ ńkọ́? Ó ní àwọn èèyàn wa kì í pe àìsàn mọ́ ara wọn. Kí ọ̀gá wa tó lanu, èmi ti dá a lóhùn. Mo ní tá a bá ti ń kọ ohun tí wọn ò sọ, ìwádìí ti di àròsọ nìyẹn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà, obìnrin oníwà tútù kan láti yunifásítì, ní àyè kékeré kan wà nísàlẹ̀ fún ohun tá a bá fojú ara wa rí, ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó, àmọ́ tíṣà sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ọmọ tó bá jí ìwé wò lójú mi, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ tèmi, odo ló máa gbà. Orí mi wú títí mo fi délé.

Ìyá àdúrà ni ìyá onílé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní ìparí òpópónà wa. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n bá mi wẹ ọmọ mi nígbà tí mo bí i, àwọn náà ni wọ́n ń mú un lọ sílé ìwé láwọn ọdún tí mò ń kọ́ni ní ọ̀nà jíjìn. Láràárọ̀ tí mo bá gbé omi tíì kaná, mo máa ń gbọ́ ikọ́ wọn láti yàrá wọn. Ikọ́ gbígbẹ ni, ó máa ń gùn, wọ́n á sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí èémí fà. Tí mo bá ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní kí ni mo ń pẹ̀lẹ́ sí, èéfín lásán ni. Lójú tiwọn, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń ṣàìsàn ti buwọ́ lùwé gbà á nìyẹn. Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mi ò sí nínú ìjọ wọn gan-an, tí ẹ bá bi mí pé ṣé ara le, bí ibà ń gbọ̀n mí, a dúpẹ́ ni màá sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, wọn ò wọ bàtà. Wọ́n rí káàdì tí mo fi kọ́rùn, wọ́n ní tíṣà ti di ìjọba. Mo bi wọ́n lórúkọ, mo bi wọ́n lọ́jọ́ orí, bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ̀rín ń pa àwa méjèèjì. Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n ń wúkọ́.

"Ikọ́ kì í ṣe tèmi," wọ́n ní. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara mi le."

Wọn ò tíì parí ẹ̀ tí ikọ́ fi dé. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, omi bọ́ lójú wọn. Mo sáré lọ bu omi wá. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, mo tún ìbéèrè náà bi, torí òfin gbà wá láyè ẹ̀ẹ̀mejì.

"Tíṣà, mo ti sọ ọ́, àbí? Ara mi le lórúkọ Jésù."

Mo ṣe àmín, mo sì tẹ Rárá. Ṣé èémí ń ṣòro fún wọn? Rárá. Ṣé wọ́n ti rù sí i? Rárá. Mo dé àyè kékeré tó wà nísàlẹ̀. Mo ní ohun tí mo lè kọ síbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìyá ń gbàdúrà fún mi lọ́wọ́ pé iṣẹ́ náà á yọrí sí rere, ojú sì tì mí láti máa kọ ẹjọ́ wọn níṣojú wọn. Ó tún ku ẹnu tí mo fọ́n ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣé èmi ni mo tún máa kọ́kọ́ rú òfin tí mo fi kan ẹlòmíì lábùkù? Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, mo kọjá sílé kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúkọ jáde. Wọ́n pe tíṣà àgbà kan tó ń gbé òdìkejì wa, Mùsùlùmí ará Oǹdó, ẹni tó jẹ́ pé tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Fọ́tò àyà rẹ̀ mọ́ kedere. Orúkọ Mọ́mì ò sí níbẹ̀.

Mo wọkọ̀ lọ bá ọ̀gá wa. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ibi tí orúkọ wọn wà hàn mí, ó ní ara wọn le. Mo ní irọ́ ni. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìdáhùn àwọn èèyàn ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ́gbọ́n, tí wọ́n bá ti ń yí tẹnì kan padà, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ó wá ní kí n má bínú, ìròyìn ayọ̀ wà. Ó jọ pé àyà àwọn àgbàlagbà tó wà nítòsí ààtàn lágbára ju ti àwọn tó jìnnà sí i lọ, pàápàá àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ń kọ̀wé lé e lórí. Command nìkan ni kò bá a mu, torí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù oògùn yẹn kọ nǹkan sísàlẹ̀ fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo arúgbó tó bá pàdé, wọ́n sì ti ń fi mọ́tò kó wọn lọ sí ọsibítù.

Mo ní, "Àdúrà àwọn àgbàlagbà yẹn lẹ kà. Ẹ ò tíì ka àyà wọn."

Ó wò mí dáadáa, ó wá béèrè bóyá èmi náà kọ nǹkan kan sísàlẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Mo délé, mo ní kí Mọ́mì jẹ́ ká jọ lọ sí ọsibítù, èmi ni màá tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní tí òtútù òjò yìí bá lọ, ikọ́ á lọ. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ilé ìwé wọlé, ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì pọ̀, mo bá dákẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, wọ́n ti rù débi pé aṣọ funfun yẹn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára wọn. Ọmọ wọn obìnrin wá láti Baruwa, ó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ jìnnà, pé ká ní wọ́n tètè gbé wọn wá ni, ó láwọn oògùn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ níbẹ̀ tí wọ́n fi kú.

A sin wọ́n tán, ọmọ wọn ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ láti palẹ̀ yàrá mọ́. Inú Bíbélì wọn ló ti rí ìwé pélébé tí à ń fún ẹni tá a bá ti bi ní ìbéèrè. Ó kà á, ó tún un kà. Ó bi mí bóyá èmi ni mo bi wọ́n. Mo ní èmi ni.

"Kí ni wọ́n sọ nípa ikọ́ yìí?"

"Wọ́n ní ara àwọn le."

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé. Ṣé ẹ gbà wọ́n gbọ́ ni?"

"Rárá," mo ní. "Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni."